Ẹyẹ Tó Wà Ní Igun Síkáàfù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Blanchardstown ní Dublin ni à ń gbé, nínú ilé kan tó fara ti ilé ìyá àgbà kan tó wá láti Rọ́ṣíà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, èmi kò sì tíì dàgbà. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n bí sí Dublin níhìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ kò mọ ìyá náà, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, mi ò rí ẹni tí yóò sọ ọ́.

Màmá Rọ́ṣíà ni a ń pè é. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ gan-an síbí, nítorí kò sí láyé mọ́ láti sọ bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kó dé, màmá mi rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé. Ìyá náà ju àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré di màmá mi mú lápá. Ó rò pé òòyì ló ń kọ́ ọ. Nígbà tí màmá mi ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí màmá mi bá ti fẹ́ kúnlẹ̀, ìyá náà á ti na ọwọ́, bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni màmá mi ń ṣe. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dublin Port. Àwọn méjèèjì kì í sábà sí nílé nígbà tí mo bá dé láti ilé ìwé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá Rọ́ṣíà ni mo máa ń yà sí. Á fún mi ní ọbẹ̀ pupa kan tó máa ń sè, tí kì í ṣe ata ló pọ́n ọn, á sì jókòó tì mí títí màmá mi á fi dé. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Màmá mi náà a máa bá a gbé ẹrù láti ilé ìtajà, a máa gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ di ìnira fún un. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún àwọn arúgbó mìíràn kó tó lè rí owó gbà, ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é fún ìyá yìí.

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn láti máa bo orí, ọ̀rọ̀ síkáàfù sì ni àwàdà wọn. Màmá mi máa ń so tirẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, ìyá náà a so tirẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n.

“Màmá, ṣé eyín tún ń dùn yín lónìí?” Màmá mi á fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

“Ìwọ ńkọ́? Ta lo fẹ́ lọ bá jà?”

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì kò péye, ṣùgbọ́n mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọn kò gbọ́ra wọn yé.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, èyí tí gbogbo ará Dublin ń pè ní press, ni Màmá Rọ́ṣíà ń kó àwọn síkáàfù rẹ̀ sí. Dúdú kan wà tí òdòdó rósì pupa kún ara rẹ̀, tí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ń fì ní etí rẹ̀. Funfun kan wà tí ewé aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀ bí ara àwo tánńganran. Òmíràn sì ní èso wẹẹrẹ pupa àti ewé aláwọ̀ wúrà lórí dúdú, gẹ́lẹ́ bí ṣíbí onígi tó gbé kọ́ sára ògiri. Ó sọ fún mi pé ara ṣíbí, ara ilẹ̀kùn àti ara àpótí aṣọ ni irú àwòrán wọ̀nyí kọ́kọ́ wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n tó bọ́ sára aṣọ. Ẹ̀kọ́ àwòrán ara aṣọ ni mo wá kà ní yunifásítì, mo sì rí i pé òtítọ́ ló sọ, ó kéré tán ní ti ṣíbí àti àpótí. Ní ti ilẹ̀kùn, mi ò tíì rí ẹ̀rí tó tó.

Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo síkáàfù. Igun mẹ́rin ló ní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bí o bá ká a po lọ́nà ìdábùú, igun kan á bọ́ sẹ́yìn rẹ, èkejì á fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, méjì tó kù lo ó fi so ó. Igun tó ń bọ́ sẹ́yìn yẹn ni ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi ohun tó rẹwà jù sí. Ẹni tó wé e kì í rí i. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń rí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀ràn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú àwọn síkáàfù náà tí kò jọ àwọn yòókù. Búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni. Òdòdó ló wà ní igun mẹ́ta rẹ̀. Ní igun kẹrin, ẹyẹ kan bà sórí ẹ̀ka igi, ẹyẹ tó ní ìyẹ́, tó ní ìrù, tó ní èékánná, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú obìnrin, pẹ̀lú adé lórí. Màmá Rọ́ṣíà pe orúkọ rẹ̀ fún mi: Sírìn. Ó ní ẹyẹ ọ̀run rere ni, pé ẹni tó bá gbọ́ orin rẹ̀ á gbàgbé ìbànújẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló fún òun, ó sì kọ́ òun pé, “Bí inú rẹ bá ń dùn, jẹ́ kí ẹyẹ bọ́ sẹ́yìn kí aráyé rí i. Bí o bá ń ṣọ̀fọ̀, ká a sínú.” Mo ti wá ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, mi ò rí i. Mo rí ẹyẹ náà, mo rí orin rẹ̀, àwọn ìwé kan tilẹ̀ sọ pé orin náà léwu fún ẹni tó bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ti ká-a-sínú yẹn, ó lè jẹ́ àṣà ilé wọn nìkan ni.

Àbúrò méjì ló yẹ kí n ti ní nígbà náà. Oyún méjèèjì bàjẹ́ lára màmá mi, kí a tó kó dé Blanchardstown rárá. Nígbà tó wá tún lóyún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe: a kì í polongo oyún. Ṣùgbọ́n Màmá Rọ́ṣíà rí bó ṣe ń fọwọ́ ti ìbàdí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú síkáàfù ẹlẹ́yẹ jáde, ó sì gbé e lé màmá mi lọ́wọ́.

“Màmá, ti ìyá yín nìyí kẹ̀! Mi ò lè gbà á.”

“Gbà á. Kì í ṣe ìwọ ni mo fún. Ọmọ ni.”

Màmá mi kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìyá náà kò na ọwọ́ láti gbé e dìde. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tí a délé, mo ṣàlàyé ẹyẹ náà fún màmá mi bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kó máa kọrin lọ.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyẹ sì wà lẹ́yìn. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n yí padà ni ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjókòó oníke ló wà níbẹ̀, a sì máa ń fún ara wa mọ́lẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn wa gan-an ni olórí àwọn obìnrin ìjọ, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjọ. Àdúrà gbóná. Gbogbo ojú wà ní dídì. Mi ò mọ ohun tó mú Ìyá Ìjọ lajú. Lójijì ni mo gbọ́ ọ: “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Àwọn ènìyàn rò pé kókó àdúrà ni, wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ilé ń ké ẹ̀jẹ̀ Jésù. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo rí i tó nàka sí orí màmá mi.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe màmá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo di aṣọ rẹ̀ mú.

“Ta ló fún ẹ?” Ìyá Ìjọ ló ń béèrè.

“Aládùúgbò wa ni, mà. Màmá àgbàlagbà kan ni.”

“Ṣé ó lọ́kọ?”

“Ọkọ rẹ̀ ti kú, mà.”

“Òun nìkan ló ń gbé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ìyá Ìjọ wo ojú àwọn yòókù. “Ẹyẹ tó lójú obìnrin, láti ọwọ́ opó arúgbó tó ń dá gbé. Kí lẹ tún ń wá? Ṣé kó kọ ọ́ síwájú orí ni?”

Obìnrin kan fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Ṣé àwọn òyìnbó náà ní in, mà?”

“Ta ló sọ fún ẹ pé wọn ò ní in? Tiwọn gan-an ló ń wọ ọkọ̀ òfurufú.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ sí ikùn màmá mi, ó sì rọra béèrè pé, “Oṣù kélòó nìyẹn?”

Ibẹ̀ ni ojú màmá mi ti yí padà. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí àwọn obìnrin náà. Ẹni tó dàgbà sílé níbi tí ẹyẹ tó ké lóru ti ń mú kí àgbàlagbà jí kà sáàmù, kò lè rí ẹyẹ olójú ènìyàn kó máa wò ó bí òdòdó. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe irọ́. Mo tún mọ̀ pé ìyá ìyá mi ní Abẹ́òkúta ní àdìrẹ tí ẹyẹ wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ké ẹ̀jẹ̀ Jésù sí i. Ṣùgbọ́n ẹyẹ àdìrẹ kò ní ojú ènìyàn, mi ò sì lè fi ọ̀kan dá èkejì láre. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bi ìyá tó ni aṣọ léèrè ohun tó jẹ́. Èmi tí mo sì mọ̀ ọ́n, mo sọ ọ́. Mo ní ẹyẹ ayọ̀ ni. Ìyá Ìjọ fọwọ́ pa mí lórí. Ó ní, “Ẹ rí i? Wọ́n ti ń kọ́ ọmọ.”

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ̀yìn ilé ni màmá mi ti jó síkáàfù náà, nínú páànù tí a fi ń sun ẹran. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, irun àgùntàn kì í sì í jó wẹ́rẹ́. Ó ń súnkì, ó ń rùn bí irun orí tí iná jó. Òórùn náà kọjá ògiri. Màmá Rọ́ṣíà ṣí fèrèsé òkè, ó yọ orí jáde, ó béèrè bóyá kò sí nǹkan. Màmá mi kò gbé ojú sókè. Ó fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará Dublin fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ dá a lóhùn: “Grand,” ìyẹn ni pé kò sí wàhálà.

Láti ọjọ́ kejì, ilé obìnrin ìjọ kan ni wọ́n ń mú mi lọ lẹ́yìn ilé ìwé. Mo máa ń rí Màmá Rọ́ṣíà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ti nà tán láti gba ìkíni. Màmá mi á jùwọ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn, á wọlé.

Ó bí àbúrò mi láyọ̀, ọmọ náà sì lera. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e délé, a gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Gíláàsì ilẹ̀kùn wa kì í jẹ́ kí ènìyàn ríran kedere, ṣùgbọ́n mo rí òjìji orí tí wọ́n so aṣọ rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, mo sì rí ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá mi fi ọwọ́ kan di ọmọ mú, ó fi ọwọ́ kejì bò mí lẹ́nu. A dúró bẹ́ẹ̀. Ìyá náà tún kàn án. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pẹ́ kó tó lè bẹ̀rẹ̀ tán, ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀, ó lọ. Ọbẹ̀ pupa rẹ̀ ni. Màmá mi dà á nù, ó fọ ìkòkò náà mọ́ tónítóní, ó sì gbé e sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ní ọjọ́ kejì, ìkòkò náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ́rìí pé jíjó tí wọ́n jó aṣọ yẹn ló gba ọmọ là. Mo ti ro èyí títí. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Tiwa, ọmọ kankan kò kú. Bí oyún bá bàjẹ́, wọ́n á ní síkáàfù ló bà á jẹ́. Oyún dúró, wọ́n ní iná tó jó síkáàfù ló mú un dúró. Méjì tó bàjẹ́ kí a tó mọ ìyá náà, kò sí ẹni tó kà wọ́n. Kò sí ọ̀nà kankan nínú ìdájọ́ yẹn tí Màmá Rọ́ṣíà ì bá gbà jàre.

A kó kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo dé ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, mo yàn láti kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí àwọn àwòrán ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà lára síkáàfù òde òní, mo sì padà lọ wá a. Ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti mú un lọ sí Dún Laoghaire. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ọmọ náà dá mi mọ̀ nígbà tí mo ṣàlàyé ara mi, ṣùgbọ́n kò ní kí n wọlé. Ó ní ìyá òun ti kú. Ó ní títí ìyá náà fi kú ló ń béèrè ohun tí òun ṣe fún wa.

“Ó rò pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó fi sínú ọbẹ̀ ni,” ló wí. “Ó ní òun kò bi yín léèrè kí òun tó fi sí i. Ṣé òun ni?”

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tí kò ní burú ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Mo ní mi ò mọ̀, pé ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rìn dé ìparí afárá òkúta tó wọ inú òkun níbẹ̀, mo sì padà sílé. Mi ò sọ fún màmá mi.

Oṣù tó kọjá ni ọjọ́ ìbí màmá mi. Ìyá Ìjọ wá kí i nílé, pẹ̀lú àpótí pẹlẹbẹ kan láti ilé ìtajà ńlá. Ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó tẹ́ síkáàfù náà sórí àga. Búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Òdòdó. Ẹyẹ olójú obìnrin, adé lórí. Mo wò ó bí iṣẹ́ mi ti kọ́ mi láti wo nǹkan: ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kò sí irun àgùntàn nínú rẹ̀, wọ́n ti yọ òwú etí rẹ̀, wọ́n sì ti mú kí ojú ẹyẹ náà tóbi kó lè hàn nínú fọ́tò fóònù.

Mo ní, “Mà, ojú obìnrin mà ni ẹyẹ yìí ní.”

“Ọmọ mi, fáṣọ̀n ni. Ṣebí ìwọ lo kàwé rẹ̀? Èmi náà ní pupa rẹ̀. Wọ́n ní láti Ítálì ni.”

Màmá mi dúpẹ́, ó kúnlẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ìjọ lọ tán, ó ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìyẹ́ ẹyẹ náà.

“Ìyá yẹn,” ó wí, “ṣé ó ṣì wà ní Blanchardstown?”

Mo sọ fún un pé ó ti kú. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ náà fún un.

“Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀?” ni màmá mi wí. “Ṣebí a máa ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀.”

Ó mú síkáàfù náà, ó ká a po lọ́nà ìdábùú. Ẹyẹ wà lókè. Ó tú u, ó yí i, ó tún ká a. Ẹyẹ wà lókè. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí iṣẹ́ ẹ̀rọ lè rọrùn fún wọn, àwọn tó ṣe é ti tẹ ẹyẹ kan náà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò rò tẹ́lẹ̀ pé màmá mi rántí ohun tí mo sọ fún un nígbà èwe mi nípa kíká a sínú nígbà ọ̀fọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó rántí. Ó sì lè jẹ́ pé ojú ẹyẹ náà ni kò fẹ́ rí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí Ìyá Ìjọ á fẹ́ rí i lórí rẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi, wọ́n á sọ fún yín pé ayé ti là, pé ìgbà yẹn kọ́ nìgbà yìí. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí padà, bí mo ṣe wọ̀n ọ́n, ni pé ẹyẹ náà wá láti ilé ìtajà báyìí, kò wá láti ọwọ́ arúgbó mọ́. Ẹ̀yìn màmá mi ni mo jókòó sí. Wọ́n ní kí a dijú, gbogbo ìjọ sì dijú. Èmi la tèmi sílẹ̀ títí àdúrà fi parí, ojú obìnrin náà ń wò mí láti ẹ̀yìn orí màmá mi, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ké.